Fínlándì àti aládùúgbò rẹ̀ ńlá, 1939 sí 1945: Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ogun mẹ́ta ni Fínlándì jà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí. Ó dá Sófíẹ̀tì, ìjọba kọ́múníìsì Moscow tó rọ́pò ọba Rọ́ṣíà, kọjú, ó tún bá a jà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú Jámánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wá kọjú ìbọn sí Jámánì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa: kí ọmọ ogun àjèjì má wọ Helsinki, olú-ìlú wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni Fínlándì ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sófíẹ̀tì nígbà náà?

Ní 1939, èèyàn Fínlándì tó bíi mílíọ̀nù 3.7. Ti Sófíẹ̀tì tó bíi mílíọ̀nù 170. Ìyẹn ni pé ọmọ Fínlándì kan ní láti dúró fún ọmọ Sófíẹ̀tì bíi mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Òmìnira wọn kò tíì pẹ́ rárá. Abẹ́ Swídìn ni wọ́n ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọwọ́ ọba Rọ́ṣíà ni wọ́n bọ́ sí ní 1809, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1917 ni wọ́n sì kéde òmìnira, nígbà tí Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ń dàrú. Ní 1918, wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn nílé: àwọn Pupa, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ àti aláìnílẹ̀, àti àwọn Funfun, tí ìjọba wà lẹ́yìn wọn. Àwọn Funfun borí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn púpọ̀. Ẹ fi ìjà abẹ́lé yìí sọ́kàn, torí pé Moscow gbọ́kàn lé e. Wọ́n rò pé inú ṣì ń bí àwọn òṣìṣẹ́ Fínlándì sí àwọn olówó wọn, pé bí ogun bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ náà á ṣílẹ̀kùn fún Moscow.

Kí ni Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, ń fẹ́ gan-an ní 1939?

Leningrad, tí í ṣe St Petersburg lónìí, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 32 lọ sí ààlà Fínlándì. Ìlú kejì tó tóbi jù ní Sófíẹ̀tì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn, ìyẹn sì ń ká Stalin lára. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1939, òun àti Hitler ṣe àdéhùn kan tó ní abala ìkọ̀kọ̀. Nínú abala náà, Fínlándì bọ́ sí ìpín Sófíẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Fínlándì léèrè.

Ní oṣù Kẹwàá, Moscow ránṣẹ́ pe aṣojú wọn. Juho Kusti Paasikivi ló lọ. Stalin ní kí ààlà sún sẹ́yìn ní ọrùn ilẹ̀ Karelia, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti adágún Ladoga. Ó fẹ́ erékùṣù mélòó kan nínú òkun tó wà láàárín Fínlándì àti Ẹsitóníà. Ó fẹ́ apá kan ilẹ̀ ní òkè àríwá pátápátá. Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Hanko, èbúté ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, tó ní kí wọ́n yá òun fún ọgbọ̀n ọdún kí òun fi ṣe ibùdó ọmọ ogun.

Lójú àwòrán ilẹ̀, ọjà náà dùn ún gbọ́. Wọ́n máa fún Sófíẹ̀tì ní ilẹ̀ tó tó bíi 2,700 kìlómítà níbùú lóròó, òun náà á fún wọn ní igbó tó tó bíi 5,500. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ kékeré yẹn ni odi ààbò Fínlándì wà. Ẹni tó ní kí o gba igbó méjì, kí o kó ẹnu ọ̀nà ilé rẹ fún òun, kò ṣe ọ́ lóore.

Ṣé bí wọ́n bá ti gbà fún un, ogun kì bá tí jà?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Fínlándì fúnra wọn ń jiyàn lé lórí jù. Paasikivi àti Mannerheim, ọ̀gágun àgbà tó di olórí gbogbo ọmọ ogun nígbà ogun, fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda díẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, Eljas Erkko, gbà pé Stalin kàn ń dẹ́rù bà wọ́n ni, olóòtú ìjọba, Aimo Cajander, sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rí méjì ló wà níwájú wọn. Czechoslovakia ti yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹnubodè rẹ̀ fún Hitler ní 1938, odi ààbò rẹ̀ sì bá a lọ. Oṣù Kẹta 1939 kò tíì parí tí Hitler fi gbé ìyókù mì. Ẹ̀rí kejì ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn: Ẹsitóníà, Látífíà àti Lituéníà gbà fún Stalin ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá 1939, wọ́n jẹ́ kí ọmọ ogun rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Nígbà tí oṣù Kẹjọ 1940 fi máa dé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ara Sófíẹ̀tì.

Lójú tiwa, kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n kọ̀ láìmúra. Ọta àgbá tó wà nílẹ̀ kò lè ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú ogun gidi. Aṣọ ológun kò kárí: ọ̀pọ̀ sójà gba ìgbànú àti àmì tí wọ́n fi sí fìlà, wọ́n sì fi aṣọ ilé ara wọn jagun. Àwọn sójà fi olóòtú ìjọba ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n pe aṣọ náà ní «àrà Cajander».

Báwo ni ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 1939, Sófíẹ̀tì ní àgbá Fínlándì pa ọmọ ogun òun ní abúlé Mainila. Irọ́ ni: Mannerheim ti kó àwọn àgbá rẹ̀ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè yìnbọn débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ 30, ogun wọlé láìkéde, bọ́ǹbù sì bọ́ sí Helsinki.

Ní ọjọ́ kejì, Moscow gbé «ìjọba» kan kalẹ̀ ní Terijoki, ìlú kékeré kan létí ààlà, wọ́n sì fi Otto Wille Kuusinen, kọ́múníìsì ará Fínlándì tó ti sá lọ sí Rọ́ṣíà, ṣe olórí rẹ̀. Èyí ni ìṣirò 1918 tá a mẹ́nu bà lókè. Kò jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tí bàbá wọn jẹ́ Pupa wọ bàtà, wọ́n lọ sójú ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ Funfun.

Báwo ni ọmọ ogun kékeré ṣe dá èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dúró?

Ojú ìjà méjì ló wà, wọn kò sì jọra. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti inú igbó, níbi tí wọ́n ti lo ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní motti. Motti ni orúkọ ìdì igi ìdáná tí wọ́n ti gé, tí wọ́n sì tò jọ, tó tó mítà kan níbùú, lóròó àti lóòró. Bí wọ́n ṣe gé igi ni wọ́n ṣe gé ogun.

Ọmọ ogun Sófíẹ̀tì wá pẹ̀lú táǹkì àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú igbó, nítorí náà wọ́n tò gbọọrọ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, wọn ò sì lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì torí yìnyín tó jìn. Àwọn ará Fínlándì wó igi dí wọn níwájú, wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n la ọ̀nà tiwọn nínú igbó àti lórí adágún tó ti dì, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá náà, kí oúnjẹ àti ọta lè máa dé. Wọ́n ń fi ski rìn, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Lóru, wọ́n á kọlu ibi tóóró kan lójú ọ̀nà, bóyá ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan péré, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì gbẹ́ kòtò síbẹ̀ kọjú sí ìhà méjèèjì. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tún gé ibòmíràn. Báyìí ni ìlà gbọọrọ náà á di ègé, ègé. Wọ́n á mú ègé kékeré ṣáájú, wọ́n á fi ńlá sílẹ̀ fún ebi àti òtútù.

Òtútù náà sún mọ́ ogójì lábẹ́ òdo. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa kò jẹ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sójà Fínlándì ní àgọ́ tó gba bí ogún èèyàn pẹ̀lú ààrò onírin láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ ara wọn kí gbogbo wọn lè sùn nínú ooru. Sójà Sófíẹ̀tì yí iná ká ní gbangba. Iná náà ló ń fi í han ẹni tó ń yìnbọn. Ibi ìdáná tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn ni wọ́n ń wá láti kọ́kọ́ bà jẹ́, torí pé sójà tí kò rí oúnjẹ gbígbóná jẹ nínú òtútù yẹn kò ní pẹ́ kú. Ní ojú ọ̀nà Raate, nítòsí Suomussalmi, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 1940, ọgbọ́n motti yìí fọ́ ìpín ogun Sófíẹ̀tì kẹrìnlélógójì túútúú. Àwọn tirẹ̀ yìnbọn pa ọ̀gágun rẹ̀, Vinogradov, níwájú àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn kì í sọ ni ibi tí motti ti kùnà. Fínlándì kò ní àgbá ńlá tó pọ̀. Bí ègé kan bá tóbi tó sì ri táǹkì rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí odi, wọn kò rí nǹkan fi fọ́ ọ. Ní àríwá Ladoga, àwọn motti kan wà tí kò túúbá títí ogun fi parí, tí wọ́n sì di ọmọ ogun Fínlándì tí wọ́n nílò níbòmíràn mọ́lẹ̀.

Ojú ìjà kejì ni ọrùn ilẹ̀ Karelia, ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu ogun. Ibẹ̀ kò gba motti. Kòtò àti ilé kọnkéré ni wọ́n fi ń jà, àgbá ló sì ń sọ ẹni tó máa borí. Ní oṣù Kejì 1940, Sófíẹ̀tì kó àgbá jọ débi pé ilẹ̀ kò dẹ́kun gbígbọ̀n. Ní ọjọ́ 11, wọ́n já odi náà nítòsí Summa.

Ṣé kò sẹ́ni tó ràn wọ́n lọ́wọ́?

Àánú wọn ṣe gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè lé Sófíẹ̀tì jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1939, ìyẹn kò sì dá táǹkì kan dúró. Swídìn fi ìbọn, owó àti àwọn ọmọ ogun afínúfíndọ̀ tó ju 8,000 lọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti wọ ogun fúnra rẹ̀.

Bìrìtéènì àti Faransé ní àwọn máa kó ọmọ ogun wá láti Narvik, èbúté kan ní Nọ́wè, gba Nọ́wè àti àríwá Swídìn kọjá. Ọ̀nà yẹn gba ibi tí Swídìn ti ń wa irin tó ń tà fún Jámánì kọjá, a sì lè gbà pé irin náà wà lọ́kàn wọn ju Fínlándì lọ. Nọ́wè àti Swídìn kọ̀ wọ́n lọ́nà. Síbẹ̀, ìlérí yìí wúlò fún Helsinki: wọ́n jẹ́ kí Moscow máa ronú pé bí ogun bá pẹ́, òun lè bá Bìrìtéènì àti Faransé jà.

Kí ló dé tí wọ́n fi gba àdéhùn tó le tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta 1940?

Torí pé ọmọ ogun wọn ṣì wà lórí ìdúró, ó sì lè má wà mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Sójà tó rẹ̀ kò ní ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀, ọta àgbá ti ń tán, ìjà sì ti dé ìlú Viipuri ní Karelia. Ní ọ̀dọ̀ Stalin, ó ti pàdánù èèyàn ju bó ṣe rò lọ. Àkọsílẹ̀ Rọ́ṣíà lẹ́yìn náà gbé òkú wọn kọjá 120,000. Ó pa «ìjọba» Kuusinen tì bí ẹni pé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì bá ìjọba gidi sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó èrè ogun ọjọ́ 105.

Wọ́n fọwọ́ sí i ní Moscow ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ìbọn sì dákẹ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Fínlándì pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Viipuri, ọ̀kan nínú àwọn ìlú rẹ̀ tó tóbi jù. Hanko bọ́ sọ́wọ́ Sófíẹ̀tì fún ọgbọ̀n ọdún. Bí èèyàn 420,000 di ogunléndé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó yàn láti dúró sábẹ́ Sófíẹ̀tì. Òkú ogun wọn lé ní 25,000.

Wọ́n ní Ààrẹ Kyösti Kallio ṣépè pé kí ọwọ́ tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọ. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ.

Bí àlàáfíà ti dé, kí ló tún gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Hitler?

Àlàáfíà náà kò jọ àlàáfíà. Láàárín ọdún kan, Moscow ní kí ọkọ̀ ojú irin òun máa kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ Fínlándì kọjá lọ sí Hanko, ó ní kí wọ́n kó ìwakùsà níkẹ́ẹ̀lì Petsamo, ní òkè àríwá, fún òun, ó sì ń sọ ẹni tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ààrẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1940, bàálù Sófíẹ̀tì já Kaleva, bàálù èrò Fínlándì tó gbéra láti Tallinn, lulẹ̀. Kò sógun nígbà náà o.

Ìlẹ̀kùn yòókù ti ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Jámánì ti gba Nọ́wè àti Denmark ní oṣù Kẹrin 1940. Faransé ti ṣubú. Fínlándì àti Swídìn jíròrò láti ṣe ìjọba kan náà, Moscow kọ̀, Berlin náà kò fẹ́. Ẹni méjì péré ló kù tó lè ta ọkà fún wọn: Sófíẹ̀tì àti Jámánì. Ní oṣù Kọkànlá 1940, Molotov, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Sófíẹ̀tì, lọ bá Hitler ní Berlin pé kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀ Fínlándì. Hitler kọ̀, kì í ṣe nítorí ìfẹ́: ó ti ń múra láti bá Sófíẹ̀tì jà. Láti oṣù Kẹsàn-án ni Helsinki ti ń jẹ́ kí ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí Nọ́wè, kí òun náà lè rí ìbọn rà.

Nígbà náà, ṣé alájọṣe Jámánì ni wọ́n, àbí ogun tiwọn nìkan ni wọ́n jà?

Wọn kò fọwọ́ sí ìwé ìmùlẹ̀ pẹ̀lú Hitler ní 1941, ọ̀rọ̀ tí ìjọba wọn sì ń sọ ni pé «ogun tiwa ló yàtọ̀». Àwa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun Jámánì ló dúró sí gbogbo ìhà àríwá Fínlándì, ọkà àti epo Jámánì ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń lò, àwọn ọ̀gágun méjèèjì sì ti jọ sọ̀rọ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n dúró títí bàálù Sófíẹ̀tì fi ju bọ́ǹbù sí ìlú wọn ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1941 kí wọ́n tó kéde ogun. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé wọ́n ti múra sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Wọ́n gba Viipuri padà ní òpin oṣù Kẹjọ 1941. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn láti gbèjà. Wọ́n ré ààlà àtijọ́ kọjá, wọ́n gba Petroskoi, olú-ìlú Karelia ti Sófíẹ̀tì, ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ Karelia tí kò jẹ́ tiwọn rí fún ohun tó lé ní ọdún méjì ààbọ̀. Bìrìtéènì kéde ogun sí wọn ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira wọn gan-an. Amẹ́ríkà kò kéde rárá.

Kí ni wọ́n kọ̀ láti ṣe fún Jámánì?

Mannerheim kọ̀ láti kọlu Leningrad, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ogun rẹ̀ wà ní ìhà àríwá ìlú náà, tí ìyẹn sì jẹ́ ara ohun tó há a mọ́. Ó kọ̀ láti lọ gé ojú irin Murmansk ní Sorokka, ọ̀nà tí ẹrù Amẹ́ríkà ń gbà wọ Sófíẹ̀tì. Washington ti kìlọ̀ fún un. Wọn kò fi àwọn Júù ọmọ Fínlándì lé Jámánì lọ́wọ́, kódà àwọn Júù wà nínú ọmọ ogun Fínlándì tí ń jà ní ojú ogun kan náà pẹ̀lú Násì. Èyí jẹ́ ìyanu tí kò dùn ún ṣàlàyé.

Àbàwọ́n wo ló wà lára wọn?

Ó wà. Ní oṣù Kọkànlá 1942, wọ́n fi Júù mẹ́jọ tó wá sá di wọ́n lé Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Hitler, lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Ní Petroskoi àti àyíká rẹ̀, wọ́n kó àwọn ará ìlú tó jẹ́ Rọ́ṣíà sínú àgọ́ onígbàgede wáyà, ó sì ju 4,000 lọ tí ebi àti àìsàn pa nínú wọn, pàápàá ní 1942. Ẹlẹ́wọ̀n ogun Sófíẹ̀tì tó kú lọ́wọ́ wọn sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àwọn tí wọ́n mú. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn Fínlándì bí ìtàn akọni nìkan, ó ti fo ojú ìwé yìí.

Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà jáde nínú ogun ní 1944?

Láti ìgbà tí Jámánì ti ṣubú ní Stalingrad, ní oṣù Kejì 1943, ni àwọn olórí wọn ti mọ̀ pé Jámánì kò ní borí. Ìṣòro wọn ni bí wọ́n á ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gba ìlú lọ́wọ́ wọn, tàbí kí ebi pa wọ́n. Ní oṣù Kẹta 1944, Paasikivi tún lọ sí Moscow. Moscow ní kí Fínlándì san 600 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún márùn-ún. Fínlándì kọ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, Sófíẹ̀tì kọlù wọ́n ní ọrùn ilẹ̀ Karelia pẹ̀lú agbára tí wọn kò rí rí. Viipuri bọ́ ní ọjọ́ 20, láàárín wákàtí mélòó kan. Ibi tí ìdúnàádúrà ti ta kókó nìyí. Jámánì ní òun ò ní fún wọn ní ohun ìjà bí wọn kò bá ṣèlérí pé wọn kò ní dá ṣe àlàáfíà. Bí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ó ti de orílẹ̀-èdè náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé Ààrẹ Risto Ryti kọ lẹ́tà ní orúkọ ara rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, pé òun àti ìjọba tí òun bá yàn kò ní dá ṣe àlàáfíà. Kò gbé e lọ sílé aṣòfin. Ìbọn tí ẹyọ sójà kan lè fi fọ́ táǹkì dé láti Jámánì, bàálù ogun náà dé.

Pẹ̀lú ìwọ̀nyí àti àgbá tiwọn, wọ́n dá Sófíẹ̀tì dúró ní Tali àti Ihantala, láti òpin oṣù Kẹfà títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje. Stalin nílò ọmọ ogun rẹ̀ fún ọ̀nà Berlin, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn lọ. Ó ti tó àkókò. Ryti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Mannerheim gorí àga ààrẹ ní ọjọ́ 4, ó sì sọ fún ọ̀gágun Keitel tí Hitler rán wá pé lẹ́tà Ryti bá Ryti lọ. Ìbọn Fínlándì dákẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Ti Sófíẹ̀tì dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdádúró ogun ní Moscow ní ọjọ́ 19.

Àwọn kan ń pe èyí ní ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn ni. Ryti mọ̀ pé òun ló máa san án.

Kí ni Moscow ní kí wọ́n ṣe?

Kí ààlà padà sí ti 1940. Kí Petsamo pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di ti Sófíẹ̀tì. Kí wọ́n yá a ní Porkkala, tí kò jìnnà sí Helsinki, fún àádọ́ta ọdún. Kí wọ́n san 300 mílíọ̀nù dọ́là ní ẹrù. Kí wọ́n ṣẹ́jọ́ àwọn tó kó wọn wọ ogun. Àti pé kí wọ́n lé gbogbo ọmọ ogun Jámánì jáde nínú ilẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa dá sójà tiwọn padà sílé ní àkókò kan náà.

Báwo ni wọ́n ṣe lé ọmọ ogun tí wọ́n jọ jẹun lé jáde?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọgbọ́n ṣe é. Àwọn ọ̀gágun méjèèjì gbà pé Jámánì á máa sún sẹ́yìn, Fínlándì á máa tẹ̀ lé e, ìbọn kò sì ní pọ̀. Moscow rí i, ó ní bí wọn kò bá jà gidi, òun á wá jà á fún wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1944, wọ́n kó ọmọ ogun gba òkun lọ sí Tornio, ogun gidi sì bẹ̀rẹ̀. Jámánì dáná sun Rovaniemi, ó wó afárá, ó ri bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà àti inú igbó. Wọ́n ti kó bí 100,000 ará Lapland, ìyẹn ìhà àríwá Fínlándì, kúrò nílé ṣáájú, ó ju ìdajì wọn lọ tó lọ sí Swídìn. Ìyẹn ni òkú ará ìlú kò fi pọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1945 ni ọmọ ogun Jámánì tó kẹ́yìn jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe san ìtanràn ogun náà?

Wọn kò san owó. Ẹrù ni. Iye ọjà ọdún 1938 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, torí náà ẹrù tí wọ́n kó ju ohun tí 300 mílíọ̀nù ń rà lẹ́yìn ogun lọ fíìfíì. Fínlándì fẹ́ fi igi àti pépà san án, torí pé ìyẹn ni wọ́n ní. Moscow ní rárá: ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú irin, wáyà iná ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí òun fẹ́. Ẹrù tó bá pẹ́, ìtanràn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà lórí rẹ̀ lóṣooṣù.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé iṣẹ́ irin àti ibi ìkànkọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú owó tí wọ́n yá ní Swídìn àti Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n dá fún wọn di mẹ́jọ, Stalin sì dín gbèsè tó kù kù ní 1948. Ẹrù tó kẹ́yìn kọjá ẹnubodè ní oṣù Kẹsàn-án 1952, ọdún tí wọ́n gbàlejò ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki.

Ta ló lọ sẹ́wọ̀n?

Èèyàn mẹ́jọ, gbogbo wọn olóṣèlú. Ní oṣù Kejì 1946, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún Ryti, tiwọn yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà jáde lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣẹjọ́ ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo amòfin tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé èyí kò bófin mu. Wọ́n dá Ryti sílẹ̀ ní 1949 nítorí àìlera. Wọn kò fọwọ́ kan Mannerheim.

Àwọn ogunléndé ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n gba Karelia padà ní 1941, ohun tó ju 250,000 nínú wọn ló padà sílé, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n gbin oko. Ní 1944, wọ́n tún kó ẹrù lẹ́ẹ̀kejì. Òfin ilẹ̀ ti 1945 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ tó ní oko ńlá, wọ́n sì pín in fún wọn pẹ̀lú àwọn sójà tó dé láti ojú ogun. Bí oko bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń gé e tó. Kò sí ìdílé tó gbó sínú àgọ́ ogunléndé.

Kí ló dé tí Stalin kò fi kúkú gba gbogbo rẹ̀?

Iye tó máa ná an. Helsinki, London àti Moscow nìkan ni olú-ìlú àwọn tó jagun ní Yúróòpù tí ọ̀tá kò wọ̀. Ìgbìmọ̀ Ìṣàkóso tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ìwé ìdádúró ogun ṣẹ, tí Andrei Zhdanov ará Sófíẹ̀tì jẹ́ olórí rẹ̀, wá jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì Torni ní Helsinki títí di 1947, ṣùgbọ́n ọmọ ogun kò bá wọn wá. Paasikivi tó di ààrẹ ní 1946 kò fún Moscow ní àwáwí kankan: ó kọ owó ìrànwọ́ Marshall ti Amẹ́ríkà, ìjọba rẹ̀ sì fọwọ́ sí àdéhùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Sófíẹ̀tì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1948. Nínú ìwé náà, Fínlándì máa jà tí ẹnì kan bá kọlù ú tàbí tó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá kọlu Sófíẹ̀tì; kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó lọ bá Moscow jagun níta.

Ṣé wọ́n rí ilẹ̀ náà gbà padà?

Nínú ohun tí Moscow gbà ní 1944, Porkkala nìkan, ní oṣù Kìíní 1956. Viipuri ṣì wà ní Rọ́ṣíà, Vyborg ni wọ́n ń pè é. Fínlándì wọ NATO ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2023, ààlà tó wà láàárín òun àti Rọ́ṣíà sì gùn ju 1,300 kìlómítà lọ.